Ọjọ́ Tí A Tọpa Afárá Pákó Wa Nínú Ẹrẹ̀

Ọjọ́ tí a padà sí abúlé wa nítòsí Awoye lẹ́yìn ìjà tó lé wa kúrò níbẹ̀ ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Iná ti jó àwọn ilé orí òpó àti afárá pákó tí a fi ń ti ilé kan dé èkejì. Omi nìkan ló kù, ó ń dán bíi pé ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀ rí. Bàbá mi, tó lọ pẹja kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, kò tíì dé.

Ìyá mi ní, "Ẹ jẹ́ kí omi fà ná."

Nígbà tí omi fà, àwọn kùkùté òpó afárá yọrí nínú ẹrẹ̀. A tẹ̀ lé wọn bí ẹni ń rìn lójú àlá. Ibi tí ìkarahun ìṣáwùrú bá ti pọ̀, a mọ̀ pé ilé ìdáná ẹnì kan ló ti wà lókè rẹ̀ rí, torí àlàfo pákó la máa ń da ìdọ̀tí gbà. Lójijì, ìyá mi fa àfọ́kù àwo kan yọ.

"Àwo tí bàbá yín fọ́ rè é! Ilé wa nìyí!"

Ó ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó so àtùpà kọ́ ọ. Ó ní, "Bó bá dé, yóò máa wá ilé."

Láti ìgbà náà, a ti kọ́ ilé mìíràn síbẹ̀, òun náà sì ti ń gbó. Ìrọ̀lẹ́ kan kò tíì kọjá tí a kò tan àtùpà náà.