Aràn Inú Ilé Fágbèmí

Fágbèmí kì í ṣe ìkà. Ìwọ̀nba làákàyè tí Ọlọ́run fún un ló kọ̀ láti lò. Oko kòkó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ lẹ́yìn Iléṣà, Yéjídé ìyàwó rẹ̀ ló ń ro ó, òun ló ń ká a, òun náà ló ń sá a. Iṣẹ́ ti Fágbèmí ni kí ó jẹun yó, kí ó jókòó sábẹ́ igi obì, kí ó máa fẹnu ṣe dókítà.

Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀: aràn ló ń lọ oúnjẹ nínú èèyàn. Bó bá pọ̀ jù, ẹ fi ewúro pẹ̀tù sí i. Bí ẹ bá pa á tán, oúnjẹ kò ní dà mọ́. Kò gbẹ́ ṣáláńgá rí. Ìdí igi kòkó ló ń yàgbẹ́ sí, níbẹ̀ náà ni Ìdùnnú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti ń ṣa kòkó, tí ó ń fi ọwọ́ ẹlẹ́rùpẹ̀ pọ́n omi dídùn ara hóró rẹ̀ lá. Ẹyin aràn bàbá lọmọ ń lá. Nígbà tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, Fágbèmí nà án. Ó ní ohun dídùn ló ń jí aràn. Òpè!

Àwọn nọ́ọ̀sì gbé oògùn aràn wá sí ilé ìwé. Fágbèmí lọ fa ọmọ rẹ̀ jáde.

“Ẹ fẹ́ pa ohun tó ń bá a lọ oúnjẹ!”

Kò pẹ́, ikùn Ìdùnnú wú, ojú rẹ̀ pọ́n, ó bì, aràn ààyè bá èébì jáde. Fágbèmí ní kí wọ́n gún ewúro. Yéjídé pọn ọmọ, ó gun ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn ní Iléṣà.

Èmi aládùúgbò wọn ni mo mú Fágbèmí lọ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ náà. Dókítà ní aràn ti dí ìfun rẹ̀ pa, àwọn kan ti wọ ojú ọ̀nà tí òróòro ń gbà jáde láti inú ẹ̀dọ̀, díẹ̀ ló kù kí ó kú. Ó fi abọ́ aràn hàn wá. Fágbèmí bẹjú wò ó.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ dá ọ̀kan sí fún un?”

Ojú tì mí. Yéjídé kò tilẹ̀ gbójú sókè lára ọmọ rẹ̀.

“Ọ̀kan ṣẹ́ kù nílé,” ó ní. “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bọ́ ọ.”