Ọdún Tí Omi Wọ Ilé Ìyá Mulika

Láàárọ̀ yìí, òórùn ẹrẹ̀ tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sá gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ mí wá, ọkàn mi sì padà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn Mile 12, níbi tí àdúgbò wa ti kọjú sí odò Ògùn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ bí ibẹ̀ ṣe rí nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Àbàtà ni. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ níbẹ̀, omi ló rà. Àfi kó fi ìdọ̀tí àti yẹ̀pẹ̀ dí i kó tó di ilẹ̀.

Daddy mi dí tiwọn dáadáa. Típà ń já yẹ̀pẹ̀ sílẹ̀ títí àgbàlá wa fi ga ju ti gbogbo ará àdúgbò lọ. Ṣùgbọ́n omi tó ti ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá tẹ́lẹ̀ kò ṣáà ní fò lọ sọ́run. Ọ̀dọ̀ Ìyá Mulika ló yà sí, opó tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò, tí ilé rẹ̀ fara ti tiwa. Ó wá kúnlẹ̀, ó bẹ Daddy mi kí wọ́n fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ fún omi. Daddy mi ní kí kálukú gbé ilẹ̀ tiẹ̀ sókè, wọ́n sì wọlé lọ jẹun.

Ọ̀rẹ́ mi ni Mulika, ọmọ rẹ̀. Bẹ́ǹṣì kan náà là ń jókòó sí ní ilé ìwé, epo àkàrà rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ìwé mi mọ́. Àìsàn kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni pé kò lè purọ́. Nígbà tí tíṣà fi í ṣe mọ́nítọ̀, ó kọ orúkọ mi mọ́ ti àwọn aláriwo, mo jẹ pàṣán mẹ́fà. Mo dì í sínú.

Lóṣù Ọ̀wàrà, wọ́n ní omi ń bọ̀ láti òkè. Kò pariwo. Ó kàn ń gun ilẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó pọ́n bíi tíì onímílíìkì. Mummy mi ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Kétu. Kí Daddy mi tó lọ síbi iṣẹ́, wọ́n pè mí, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ kan lé mi lọ́wọ́.

“Bí omi bá wọ ilé Ìyá Mulika, ṣí yàrá ẹ̀yìn fún wọn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.”

Kó tó di ọ̀sán, omi ti dé ojú fèrèsé wọn. Mulika la omi wá sídìí àtẹ̀gùn wa, omi mù ún dé àyà, ó di ìwé rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó gbé e rù. Ó ní màmá òun ní kí òun wá bẹ Daddy mi, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Ẹsẹ̀ mi gbẹ. Mo rántí pàṣán mẹ́fà.

“Daddy ní ẹ ò gbọdọ̀ wọlé.”

Ó gbà mí gbọ́, ó sì yí padà. Kí n má tàn yín, inú mi dùn.

Orí tábìlì ni wọ́n dúró sí títí ọlọ́kọ̀ ojú omi fi wá gbé wọn nírọ̀lẹ́. Bí Ìyá Mulika ṣe ń wọ ọkọ̀, ó wò mí lókè níbi tí mo wà.

“Sọ fún bàbá ẹ pé Ọlọ́run rí i.”

Ọ̀nà Ìkòròdú ni wọ́n gbà lọ, wọn ò padà wá mọ́. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé Mulika ò rí ilé ìwé lọ mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí omi gbé wọn lọ yẹn, mo ti sọ fún Daddy mi pé Ìyá Mulika ní òun ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Wọ́n mi orí, wọ́n ní ìgbéraga ló ń bá obìnrin náà jà.

Kọnkéré ti bo àdúgbò náà báyìí, ilé alájà ti pọ̀ níbẹ̀. Odò ṣì ń wá ní àsìkò rẹ̀, aládùúgbò ṣì ń ti omi sí aládùúgbò. Nígbà tí a sin Daddy mi, mo ń pín omi inú ọ̀rá fún àwọn àlejò. Mo gbọ́ tí àwọn àgbà àdúgbò ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé ọkùnrin tó tilẹ̀kùn mọ́ opó nínú omi nìyí. Mo na omi sí wọn, mo ní kí wọ́n gbà, ó tutù.