Gbòǹgbò Àgbàdo Bàbá Wa

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó kàwé iṣẹ́ àgbẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ebi a máa pa gbòǹgbò. Ọdún tí mò ń wí yìí, ilẹ̀ bàbá wa l'Ówódé ti ṣá, ó wá gba ilẹ̀ lẹ́bàá Ewékorò, níbi tí òkúta ẹfun pọ̀ sí. Àgbàdo ibẹ̀ la máa jẹ títí ọdún á fi yípo. Kò sí òmíràn.

Àgbàdo náà dé orúnkún, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí àlùkò. Bàbá wa ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe l'Ówódé, níbi tí eérú máa ń mú àgbàdo dúdú: ó ń bu eérú àdògán sí ìdí rẹ̀. Ewé ò yéé pọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi wálé, ó hú ọ̀kan. Gbòǹgbò àárín kúrú, àwọn ti ẹ̀gbẹ́ pọ̀ lọ súà, irun wẹ́wẹ́ bò wọ́n.

Inú bàbá wa dùn. "Ẹ wo bó ṣe ta gbòǹgbò! Alákọ̀wé, èyí náà ń ṣàìsàn ni?"

"Bàbá, ebi ló ń pa á. Oúnjẹ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nílẹ̀, ẹfun ló dì í mú. Eérú yín tún ń bá a dì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ dúró."

"Eérú tó tọ́ ọ dàgbà?" Ó bu òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní bí ewé bá ń ṣaláìní, a máa ránṣẹ́ sí gbòǹgbò. Nínú ara gbòǹgbò, níbi tí ojú ò lè rí, àwọn àṣẹ tó ti ń sùn a máa jí: èyí ní kí irun hù, èyí ní kí ẹnu wẹ́wẹ́ ṣí, èyí ní kí omi kíkan jáde láti tú oúnjẹ lára òkúta. Eérú ló wá ń pa kíkan omi náà.

"Kí la lè ṣe báyìí?"

"Ìgbà tí a gbìn ín ló yẹ ká ti fi ajílẹ̀ sí i, àbúrò. Àsìkò ti bọ́."

Nígbà ìkórè, ọmọ àgbàdo ò ju àtàǹpàkò lọ, eyín rẹ̀ fọ́nká. Bàbá wa hú ìdí kan, ó gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n mi. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Gbogbo gbòǹgbò yìí," ó ní, "kí ló wá ń ṣe látọjọ́ yìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbọn erùpẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò náà. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, èsì wo lò bá fún bàbá wa?