Irọ́ Tí Mo Gbé Gun Òkè Ọ̀wọ́rọ̀

Aránṣọ ni mí. Ìdílé wa ti Ìlọrin wá sí Lọ́kọ́ja kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi, ilé wa kò sì jìnnà sí gbàgede Paparanda. Láti kékeré ni mo ti ń wo àwọn òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, n kò sì gùn wọ́n rí. Ọ̀rẹ́ mi ló mú mi débẹ̀.

Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, àwọn Yorùbá orí òkè náà, ni ọ̀rẹ́ mi yìí, akọ̀wé sì ni ní ọ́fíìsì ìjọba kan. Ṣòkòtò ló gbé wá fún mi láti tún rán, ni a bá di ọ̀rẹ́. Ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún nígbà tí dókítà sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé kí ó máa ṣe eré ìdárayá. Ẹlòmíràn ì bá máa rìn yí pápá ká. Òun lọ ra kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀ kan tí bíréèkì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, ó tì í wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní:

"Ìwọ náà lọ ra tìrẹ. Láàárọ̀ maṣíìnì, lálẹ́ maṣíìnì. Ẹ̀yìn rẹ ò ní pẹ́ tẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí oṣù náà tó parí, mo ti ra tèmi.

Ọdún méje la fi gun kẹ̀kẹ́ pọ̀. Ní àwọn Sátidé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí mo bá ti kírun àárọ̀ tán, mo máa ń bá a níwájú ilé wa tó ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. A ó gba àdúgbò Fẹlẹlẹ kọjá, láàrin àwọn ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí, a ó sì yà kúrò lójú títì Àbújá sínú ọ̀nà yẹ̀pẹ̀ pupa tó lọ sí orí òkè. Kì í pẹ́ tí a fi ń sọ̀ kalẹ̀, tí a ó máa ti kẹ̀kẹ́. Ara wa á gbóná, ẹnu wa á gbẹ, kò sì sẹ́ni tí yóò kọ́kọ́ sọ pé ó ti rẹ òun. Bí a bá dé téńté, a ó yíjú padà. A ó rí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè níbi tí wọ́n ti pàdé, ìlú wa á sì rí bí ìgbà tí èèyàn da páálí sílẹ̀ létí omi. Ọ̀rẹ́ mi á mu omi, á nu ẹnu, á sì ní, "Ó yá."

Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ọ̀nà yóò dà gẹ̀rẹ́ sínú àfonífojì. Igbó dí níbẹ̀ ju ti orí òkè lọ: àràbà, ọparun, àwọn igi tí n kò mọ orúkọ wọn. Òtútù á fẹ́ sí wa láyà. Nísàlẹ̀ pátápátá, odò kékeré kan ń ṣàn lórí àpáta, kò sì ní afárá. A máa ń gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, a ó sì fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ lábẹ́ omi. Ní òkè kejì ni abúlé ìyá rẹ̀ wà.

Opó ni màmá náà, ó ń dá gbé, kò sì ní fóònù. Bí ó bá ti rí wa, á ní, "Ọ̀kún o!" bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀. Ó sọ mí ní Ará-Odò nítorí pé létí omi ni mo ti wá. Ó máa ń sun iṣu fún wa. Bí ó bá fẹ́ pa adìyẹ, á mú ọ̀bẹ fún mi, á ní, "Ìwọ ni kó o dú u, kí ìwọ náà lè jẹ níbẹ̀." Ọmọ rẹ̀ á ní, "Màmá, ẹ kò pa adìyẹ báyìí fún èmi nìkan rí." Òun á dáhùn pé, "Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá."

Ọjọ́rú kan ni ọ̀rẹ́ mi kú, nígbà tí òjò fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó jẹ ẹ̀pà díẹ̀ nínú èyí tí mò ń jẹ, ó ní kí n má gbàgbé pé Sátidé la óò tún bẹ̀rẹ̀. Ó padà síbi iṣẹ́. Ẹni tó jókòó tì í sọ pé ó ní orí ń fọ́ òun, ó sì gbé orí lé tábìlì. Wọ́n rò pé ó ń sinmi ni. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti tán.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n sin ín ní Lọ́kọ́ja. Nígbà tí a ti ibi ìsìnkú dé, àbúrò bàbá rẹ̀, tó jẹ́ olórí ẹbí, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ìwọ lo máa lọ bá ìyá rẹ̀," ló wí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin ẹbí ńkọ́?"

"Bí ó bá rí mọ́tò tó kún fún ẹbí, àyà rẹ̀ á já. Bí ó bá rí ọ lórí kẹ̀kẹ́, á rò pé ìrìn-àjò yín náà ni. Sọ pé ara ọmọ rẹ̀ kò yá, pé ó wà ní ọsibítù. Má fi nǹkan kan kún un. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwa àgbà á lọ túfọ̀ fún un."

Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé kì í ṣe ìwà ìkà. A kì í já ikú ọmọ lu ìyá rẹ̀ lójijì. Mo ní mo gbọ́.

Ní Sátidé, mo gba ọ̀nà náà ní èmi nìkan. Àgbàrá òjò ti gbẹ́ ojú ọ̀nà, koríko ti bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wẹ̀yìn kí n lè sọ fún un pé kó ṣọ́ra fún kòtò. Nígbà tí mo dé téńté òkè, n kò yíjú wo odò.

Màmá ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé. "Ọ̀kún o, Ará-Odò!" ló kí mi. Ó wá na ọrùn wo ẹ̀yìn mi. "Ṣé ó ti rẹ ẹnìkejì rẹ lójú ọ̀nà ni?"

"Kò wá, Màmá. Ara rẹ̀ ni kò yá díẹ̀. Ó wà ní ọsibítù."

"Ibo ló ń dùn ún?"

"Orí ni."

Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí dànù lára ìró rẹ̀, ó dìde. Mo rò pé yóò sunkún. Inú igbó ló gbà lọ, ó padà pẹ̀lú ewé àti èèpo igi, ó sì lé adìyẹ kan mú. Ó na ọ̀bẹ sí mi.

"Ìwọ ni kó o dú u."

Mo mú ọ̀bẹ náà. Mo pe orúkọ Ọlọ́run, mo dú adìyẹ tí wọ́n fẹ́ fi se ọbẹ̀ fún òkú. Títí di òní, n kò mọ ìdí tí n kò fi sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Mo jókòó ti iná, mò ń wò ó bó ṣe ń lọ ata, bó ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò, bó ṣe ń dín iyọ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó sọ ìtàn bí ọmọ náà ṣe máa ń ṣàìsàn ní kékeré, tó jẹ́ pé omi ọbẹ̀ adìyẹ nìkan ló máa ń fẹ́ mu. Ó fi aṣọ di ìkòkò náà, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi, ó dì í lẹ́ẹ̀mejì.

"Kó mu ún ní gbígbóná o. Kó má sì gun kẹ̀kẹ́ títí ara rẹ̀ á fi mókun."

Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá."

Mo sáré bọ́ sínú àfonífojì, bí ẹni tó jalè. Nígbà tí mo dé odò, mo ní láti tú ìkòkò náà kí n tó lè gbé kẹ̀kẹ́ kọjá. Ó ṣì gbóná. Òórùn rẹ̀ bo gbogbo ibẹ̀. Mo gbé e dání, mo dúró. Ta ni mo fẹ́ gbé e fún? N kò lè dà á sómi. N kò lè jẹ ẹ́. N kò sì lè gbé e wọ ilé ọ̀fọ̀ lọ bá ìyàwó ọ̀rẹ́ mi. Mo jókòó lórí àpáta, mo sì sunkún tí n kò tíì sun láti ọjọ́ tó ti kú.

Lẹ́yìn náà mo tún ìkòkò so, mo ti kẹ̀kẹ́ padà sókè.

"Kí lo gbàgbé?" Màmá béèrè.

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gúsí. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ó ti kú. Ọjọ́rú ló kú. A ti sin ín."

Kò ké. Ìkòkò tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ló ń wò.

"O jẹ́ kí n dáná," ló wí. Ó tún ní, "O dú adìyẹ mi, o sì jẹ́ kí n dáná."

Ó tú ìkòkò náà fúnra rẹ̀, ó gbé e wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Inú ilé ni igbe náà ti wá. Àwọn obìnrin àdúgbò sáré dé, wọ́n wọlé tọ̀ ọ́. Mo jókòó sábẹ́ òrùlé títí ọ̀kan nínú wọn fi jáde wá sọ fún mi pé, "Máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò fẹ́ rí ọ."

Nígbà tí olórí ẹbí gbọ́, ó bínú gidigidi. "Ta ló ní kó o túfọ̀? Ṣé ara ẹbí ni ọ́?" Ó ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò fi dáhùn ìkíni mi.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ ara ògiri. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọyẹ́ fẹ́, n kò gùn ún. Ìgbà tí ọyẹ́ ń lọ ni n kò lè fara dà á mọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo lọ. Màmá kò kí mi ní Ọ̀kún. Ó gbé omi fún mi, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo mu omi náà, mo jókòó díẹ̀, mo sì wá sílé. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo tún lọ.

Lọ́jọ́ yẹn ló béèrè pé, "Kí ló jẹ kẹ́yìn?"

"Ẹ̀pà, Màmá. Ní ṣọ́ọ̀bù mi."

"Aṣọ wo ló wọ̀?"

Mo sọ fún un. Èmi ni mo rán an. Ó fi ọwọ́ nu ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ṣé ó pè mí?"

Ó wù mí láti ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wù mí ju ohunkóhun lọ.

"Rárá, Màmá. Wọ́n ní kò pe ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé orí lé tábìlì ni."

Ó mi orí. "Àwọn ẹbí ní ó pè mí. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè mí." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Mo ti mọ̀ pé irọ́ ni. Mo ń dúró dè ọ́ ni, kí n lè bi ọ́."

Ó dìde, ó lọ wá iṣu tí yóò sun. A jọ jẹ ẹ́.

Mo ṣì máa ń lọ. Àwọn ará ilé mi ní kí n jáwọ́ nítorí àwọn ajínigbé, wọn kò sì jayò pa. Mò ń ti kẹ̀kẹ́ báyìí ju bí mo ṣe ń gùn ún lọ. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ Màmá, ìgbà mìíràn wà tí a kò ní dárúkọ ọmọ rẹ̀ rárá. Màá bá a fọ́ igi ìdáná, màá bá a gun àkàsọ̀ wo ibi tí páànù ti ń jò. Bí oòrùn bá ti ń rọ̀, á ní kí n máa lọ. Kì í ní kí n bá òun kí ẹnikẹ́ni ní Lọ́kọ́ja mọ́.