Ọ̀sán Tí Alhaji Ní Kò Sí Nǹkan Kan

Ní Kàdúná, wọ́n kọ́ wa pé bí ẹni tó wà nínú wàhálà bá pe tẹlifóònù, ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí á bi í: níbo ni, kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló ṣẹlẹ̀ sí? Kíkí kò sí níbẹ̀. Obìnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín ló kọ́ wa, ó ní kíkí ń pa èèyàn. Mo gbà á gbọ́. Ọmọdébìnrin ni mí nígbà náà, òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohunkóhun tí wọ́n bá ti sọ ní Kàdúná, òótọ́ ni lójú mi.

Ìgbà tí mo padà dé Ọ̀fà, tí mo jókòó sídìí ẹ̀rọ tẹlifóònù nílé ìfìwéránṣẹ́, ni mo tó rí i pé ará Kàdúná kọ́ ni yóò máa pè mí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún ẹ̀yin tó jẹ́ pé inú àpò lẹ bá tẹlifóònù. Pákó ńlá kan ni, ó dúró bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Ilé kọ̀ọ̀kan tó ní tẹlifóònù nílùú ní ihò tirẹ̀ lára rẹ̀, ìdérí irin pẹlẹbẹ sì wà lókè ihò náà. Bí ẹnì kan bá yí ọwọ́ tẹlifóònù rẹ̀ nílé, ìdérí tirẹ̀ á já wálẹ̀. Èmi á ki okùn kan bọ ihò rẹ̀, n ó béèrè ẹni tó ń wá, n ó ki ìkejì okùn bọ ihò onítọ̀hún, wọ́n á máa sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti wà lórí ọ̀rọ̀, kò sí ẹlòmíràn tó lè rí wọn bá sọ̀rọ̀ àfi bí mo bá já wọn. Èèwọ̀ sì ni kí n já wọn, àyàfi bí ẹni tó ń pè bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹ̀mí wà nínú ewu.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi mí sùn. Bí mo bá ti ní, "Nọ́ńbà wo lẹ fẹ́?" inú á bí ẹni náà. Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà nílé ìwé ìjọ Áńgílíkà, kì í rìn jìnnà kí ẹnì kan tó dá wọn dúró pé ọmọ wọn tó lọ sí Kàdúná kò lè kí àgbà mọ́. Ìyá kan tilẹ̀ bá wọn gbàdúrà kí Ọlọ́run dá orí mi padà. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú mi. Bí mo bá kí wọn, ọ̀gá mi, Mísítà Àjàyí, á máa wò mí láti orí ìjókòó rẹ̀. Bí n kò bá kí wọn, gbogbo ìlú á máa wò mí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ìdérí Alhaji oníṣu já. Bàbá yìí ló máa ń ra iṣu ní Òjòkú, tó ń fi rélùwéè kó o lọ sí Èkó, òwò yẹn ló sì sọ ọ́ di oní-tẹlifóònù. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó kí mi kú oòrùn, ó béèrè bàbá mi, ó béèrè ìyá mi. Lẹ́yìn èyí ló wá ní kí n bá òun pe dókítà ní ọsibítù.

Mo wo ihò ọsibítù, okùn ti wà níbẹ̀. Dókítà fúnra rẹ̀ ló wà lórí ìlà, ó ń bá Ìlọrin sọ̀rọ̀ lórí oògùn tí wọn kò tíì fi ránṣẹ́. Ìlà kan ṣoṣo la ní sí Ìlọrin. Bí mo bá já a, ó lè di ìrọ̀lẹ́ kí a tó tún rí i mú. Mo sọ fún Alhaji pé dókítà ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó ní kò burú, òun á dúró.

Ó sì dúró lóòótọ́. Ohun tó kọ́kọ́ rú mi lójú nìyẹn, torí Alhaji tí mo mọ̀, bí kò bá rí ẹni tó ń wá, gbígbé ló máa ń gbé tẹlifóònù kalẹ̀. Mo bá rántí Kàdúná. Mo bi í pé níbo ni. Ó ní ilé ni. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi. Àlàáfíà ni."

Mo bi í pé ta ló ṣẹlẹ̀ sí. Ó ní gbogbo àwọn ló wà nílé, gbogbo wọn ló sì wà ní àlàáfíà.

Mo ti bi í ní gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi, ó dá mi lóhùn, kò sì sí wàhálà kankan níbẹ̀. Kí ni mo wá fẹ́ ṣe báyìí? Ọmọ Ọ̀fà ni mí, mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa kì í fẹnu ara wọn pe ibi wọlé. Ilé lè máa jó kí wọ́n ránṣẹ́ sí onílé pé kó kàn yà wá díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ní àlàáfíà ni, àlàáfíà náà ni. Bóyá orúnkún ló ń dùn ún, ta ló mọ̀? Mo yíjú sí Mísítà Àjàyí, mo ṣàlàyé fún un. Ó ní ohun tí oníbàárà bá sọ ni kí n gbọ́, bí mo bá fi àlàáfíà já dókítà, kúẹ́rì ni òun á fún mi. Wọn kò sì tíì gbà mí síṣẹ́ tán nígbà náà, kúẹ́rì kan ti tó láti dá mi padà sílé bàbá mi.

Mo padà sórí ìlà. Alhaji tún kí mi kú iṣẹ́. Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ilé ìyàwó mẹ́ta, tí ọmọ kún fọ́fọ́, lọ́sàn-án gangan, kò sí ìró odó, kò sí ìjà ọmọdé. Títí dòní, n kò mọ ibi tí mo ti rí ohun tí mo sọ tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi.

Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ilé. Ṣé ọmọdé ló fẹ́ rí dókítà ni, àbí àgbà?"

"Ọmọdé ni."

"Ṣé ó ń sunkún?"



"Kò sunkún mọ́."

Mo já dókítà. N kò kí i, n kò bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ó máa lọ sílé Alhaji oníṣu kíákíá. Ó fi ìbínú bi mí pé kí ló ṣe ẹni tó wà níbẹ̀. Mo ní n kò mọ̀. Ó bi mí bóyá orí mi pé. Mo ní n kò mọ ìyẹn náà, ṣùgbọ́n ọmọdé ni, kò sì sunkún mọ́. Ó gbé tẹlifóònù kalẹ̀ gbàgà. N kò mọ̀ bóyá ilé Alhaji ló ń lọ ni, àbí ó ń bọ̀ wá bá mi jà, títí mo fi rí ọkọ̀ ọsibítù tó ń sáré kọjá lójú fèrèsé.

Ẹnu dírẹ́bà ọkọ̀ yẹn la ti gbọ́ ìyókù nírọ̀lẹ́. Ọmọkùnrin kékeré kan, ọmọ ọmọ Alhaji, ló gbé kẹrosíìnì mu ní ìdí ìkòkò omi. Ìyá rẹ̀ gbé e sẹ́sẹ̀ nítòsí tẹlifóònù, ó tẹjú mọ́ ẹnu Alhaji, ìyẹn ni bàbá náà kò fi lè sọ ọ́ jáde. Wọ́n ti gbé e dé ọsibítù, àmọ́ dírẹ́bà kò mọ̀ bóyá yóò yè. Mísítà Àjàyí mú bébà jáde láti kọ kúẹ́rì mi. Ó kọ orúkọ mi, ó wá jókòó tì í. Ó bi mí pé kí gan-an ni kí òun pe ẹ̀sùn yìí. Èmi náà kò mọ̀. Ó ní kí ó di ọ̀la.

Ní ọjọ́ kejì, Alhaji fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn káńtà. Ó kí mi kú iṣẹ́, ó béèrè bàbá mi, ó béèrè ìyá mi. Mo béèrè ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àlàáfíà ni," ni ó wí, pẹ̀lú ohùn àná yẹn gan-an.

Mo wo ojú rẹ̀ títí, n kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀, n kò sì ní ìbéèrè kankan lẹ́nu mọ́. Ó ní ẹ̀bẹ̀ kan lòun wá bẹ̀, kí n jọ̀wọ́ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ilé òun lọ́sàn-án yìí.

"A fẹ́ sùn díẹ̀ ni. Ọmọ yẹn sunkún mọ́jú ní ọsibítù, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kan oorun."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ìdérí ń já lórí pákó, n kò lè dìde. Mísítà Àjàyí ló kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó lọ ki okùn bọ̀ ọ́, mo sì gbọ́ tí ó ń kí ẹni tó pè kú iṣẹ́, tí ó ń béèrè ilé àti ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.