Bàbá Kuttan ní ìlù náà kò tíì bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́nu iṣẹ́ ní Peckham, ní London níbí, mi ò sì tíì rí ẹni sọ ọ́ fún.

Iṣẹ́ care ni mò ń ṣe. Ẹ mọ̀ ọ́n: ká máa wọ bọ́ọ̀sì láti ilé arúgbó kan sí òmíràn, ká wẹ̀ wọ́n, ká fún wọn lóògùn. Kọ́ńpìnnì tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ló ṣe físà mi.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń tọ́jú ni Bàbá Kuttan, ará India. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni wọ́n ní London kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú apá ọ̀tún wọn. Ìyàwó wọn ti kú, ọmọ wọn kan ṣoṣo wà ní Canada. Ṣùgbọ́n onílù ni wọ́n nílé. Ìlù ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní chenda. Wọ́n á gbé e kọ́ èjìká, wọ́n á máa fi ọ̀pá lù ú níbi ọdún tẹ́ńpìlì, àwọn erin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ á sì tò síwájú wọn.

Bí mo bá wẹ̀ wọ́n tán, wọ́n á máa fi ọwọ́ òsì lu tábìlì, wọ́n á máa ṣàlàyé. Wọ́n ní ó máa ń falẹ̀ gan-an níbẹ̀rẹ̀, ó lè tó wákàtí kan kó tó gbóná. Ìgbà yẹn ni gbogbo èrò á nawọ́ sókè.

Àfi bí kọ́ńpìnnì ṣe gé àsìkò wa sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sanwó kún un. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ṣé ṣòkòtò nìkan ni kí n wọ̀ fún wọn ni?

Lọ́jọ́ ọdún tẹ́ńpìlì wọn, Bàbá ń wò ó lórí fóònù bó ṣe ń lọ lọ́hùn-ún ní India. Àsìkò mi pé, mo gbé báàgì mi. Bàbá di ọwọ́ mi mú.

“Jókòó, ọmọ mi. Kò tíì bẹ̀rẹ̀.”

Ọwọ́ yẹn gbóná. Mo wo ojú wọn, mo rí i pé agbára káká ni wọ́n fi ń mí. Mo pe Aunty Kẹ́mi, ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì, ọmọ Yorùbá bíi tèmi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n dúró ti Bàbá. Wọ́n ní àwọn á pe dókítà, kí n máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn ní Walworth. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Àbúrò, wọn ò sanwó ìjókòó fún wa. Físà rẹ ńkọ́?”

Mo gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, mo jáde.

Lọ́jọ́ kejì, mo kan ilẹ̀kùn títí. Aládùúgbò wọn ló sọ fún mi pé áńbúláǹsì ti gbé wọn lọ nírọ̀lẹ́ àná. Mo bi ọ́fíìsì pé ọsibítù wo ni. Wọ́n ní Bàbá kì í ṣe ti wa mọ́, àwọn ò lè sọ. Kí n tó dé bọ́sítọ́ọ̀bù, orúkọ wọn ti kúrò lórí fóònù iṣẹ́ mi. Ìyá kan ní Brockley ni wọ́n fi rọ́pò wọn.

Mo wá wọn dé ọsibítù méjì. Wọ́n ń bi mí bóyá ẹbí ni mí. Mo ní rárá, wọn ò sì sọ fún mi bóyá Bàbá wà níbẹ̀. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n wà láyé.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Ǹ bá ní ká máa dúró ti ara wa, ṣùgbọ́n èmi gan-an ò dúró. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí wọ́n bá ti gbé ìtọ́jú sórí àtẹ, àwa náà tó ń tọ́jú èèyàn ti wà lórí àtẹ yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ yìí, ta lẹ fi sílẹ̀ tọ́kàn yín ò tíì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ síbí. Mo fẹ́ kà á.