Wọ́n Sọ Bàbá Mi Di Ọlọ́wọ́ Òsì

Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n ṣì fi ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ ìránṣọ tí mo kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá ìjọ, nígbà tí mo wà nílé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, ṣì ń bọ́ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí bóyá mo dúpẹ́ lórí àwọn olólùfẹ́ orin bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná.

Káfíńtà ni bàbá mi. Àwọn ni wọ́n kan èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àga tí ìjọ wa ń jókòó lé títí dòní. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ta gìtá pẹ̀lú. Wọn kì í fi nǹkan kan ha okùn rẹ̀ bí àwọn mìíràn ti máa ń ṣe. Ìka lásán ni. Àtàǹpàkò wọn a máa lọ a máa bọ̀ lórí àwọn okùn tó nípọn bí ẹni tó ń rìn lọ sóko láìkánjú, àwọn ìka yòókù a sì máa ṣeré lórí àwọn okùn tín-ín-rín. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ láti ìta á búra pé ènìyàn méjì ló jókòó.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣì jẹ́ dúdú àti funfun, tí mo ṣì kéré, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kí wọ́n wá ta gìtá fún aráyé gbọ́. Àwa kò ní tẹlifíṣọ̀n. Ilé aládùúgbò ni èmi àti ìyá mi ti lọ wò wọ́n. Bàbá fúnra wọn kò rí ara wọn rí, nítorí bí wọ́n ti ń ta á lọ́wọ́ lọ́hùn-ún náà ni àwa ń wò ó níhìn-ín. Kí wọ́n tó dé ilé, ó ti tán. Wọ́n padà sídìí pákó wọn, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún.

Àfi ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn tí oníbàárà mi kan na fọ́ọ̀nù rẹ̀ sí mi nínú ìsọ̀.

"Mọ́mì, ẹ wo ọkùnrin yìí. Gìtá kan ṣoṣo ni o!"

Mo wò ó, aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀wù ọlọ́rùn fífẹ̀ tí ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló wà lọ́rùn ọkùnrin náà. Mo ní kí ó fi í ránṣẹ́ sórí fọ́ọ̀nù mi, mo ti ìsọ̀ pa, mo sáré lọ sílé. Bàbá wọ awò ojú wọn, wọ́n gbé fọ́ọ̀nù náà súnmọ́ imú, wọ́n wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìmí.

"Ojú yìí jọ tèmi," ni wọ́n wí.

"Ẹ̀yin ni, Bàbá!"

"Ẹ̀wù náà jọ tèmi. Orin náà, tèmi ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ni ọkùnrin yìí fi ń ta okùn. Ìgbà wo lo rí mi tí mo fi ọwọ́ òsì ta gìtá? Èmi kọ́."

Mo tún un wò. Òótọ́ ni. Ọwọ́ òsì ló fi ń ta okùn, ọwọ́ ọ̀tún ló fi di ọrùn gìtá mú.

"Ẹnìkan ló gbọ́ orin mi, ó sì mọ̀ ọ́n ta," ni Bàbá wí. "Kí Ọlọ́run bù kún un."

Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti yọ gìtá wọn kúrò lára ògiri, wọ́n sì tì í sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Bàbá mi kì í sọ ohun tó bá dùn wọ́n. Wọ́n máa ń tún yàrá ṣe ni.

Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé ọkùnrin inú fídíò náà ní odidi ẹgbẹ́ olólùfẹ́, àti pé ìsọ̀ onígbàjámọ̀ tó fara ti ìsọ̀ tèmi ni wọ́n ti ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé. Olórí wọn jẹ́ akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì, ará Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ní tòótọ́, kóòtù ni kò tíì fẹ̀yìn tì lọ́kàn rẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé òjò fẹ́ rọ̀, á béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ yín.

Ọlọ́wọ́ Òsì ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Nítorí rẹ̀, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Àgbà tó ti tọ́ ọmọ rí, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, á gbé ọwọ́ òsì sókè ní gbangba, á ní "Ọwọ́ Ọ̀gá!", èkejì á sì fi òsì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìyá mi ì bá gbá wọn létí. Wọ́n jiyàn nígbà kan lórí bóyá àtàǹpàkò nìkan ló ń ta okùn kẹta àbí ìka tó tẹ̀lé e ń ràn án lọ́wọ́. Méjì nínú wọn kò kí ara wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ti onígbàjámọ̀ tiẹ̀ tún ju tiwọn lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń jẹun, òun ló fi ń gẹ irun, ṣùgbọ́n ó yí okùn gìtá rẹ̀ padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì kọ́ ọ. Ọdún kan gbáko ni mo fi gbọ́ ariwo rẹ̀ láti ara ògiri, bí ìgbà tí adìyẹ bá há sínú páànù.

Nígbà tó sú mi, mo lọ bá wọn.

"Bàbá mi ni ẹni tí ẹ ń wò yìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé na ọrùn rẹ̀. "Ìyá Aránṣọ, ẹ̀rí dà?"

Wọ́n tẹ̀lé mi dé ilé. Bàbá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń mu gàrí. Akọ̀wé kò tíì kí wọn tán tó fi mú ọsàn kan nínú agbọ̀n mi tó sì jù ú lu ẹni ọgọ́rin ọdún! Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n hán an lófuurufú.

"Ọ̀tún!" ni Akọ̀wé pariwo. "Ẹ̀rí kìíní."

"Ṣé orí yín pé?" ni mo wí.

Kò tilẹ̀ wò mí. Ó tẹ̀ síwájú, ó yẹ ojú Bàbá wò. Wọ́n ní àpá kan lókè ojú òsì, níbi tí pákó ti ta bá wọn nígbà èwe.

"Ẹ̀yin ará, lókè ojú ọ̀tún ni àpá Ọ̀gá wà. Ẹ̀rí kejì. Bàbá, ẹ dákun, ṣé ẹ̀yin lẹ wà nínú fídíò yìí?"

"Rárá o," ni bàbá mi wí.

"Ó parí! Wọ́n ti jẹ́wọ́!"

Mo wo bàbá mi bí ẹni tó ń wo ọbẹ̀ tó dànù. Kí ni ènìyàn fẹ́ ṣe sí òbí tí kì í purọ́? Àwọn fúnra wọn ni wọ́n fi pàṣán kọ́ mi pé kí n má purọ́. Mo sáré fa gìtá jáde lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ta díẹ̀. Oríkèé ìka wọn ti le. Wọ́n ta ìlà méjì, wọ́n dúró. Onígbàjámọ̀ mirí, ó ní, "Bàbá, ẹ gbìyànjú. Ẹ kọ́ ọ dáadáa lára Ọ̀gá."

"Ẹ ṣeun," ni Bàbá wí. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n dìde lọ tì í padà sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Èmi ì bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ní Sátidé kan Akọ̀wé kó ìwé wá sí ìsọ̀ mi pé kí n bá òun wo bí ó ti dára tó. Kàlẹ́ńdà ọdún tuntun ni. Àwòrán bàbá mi wà láàárín pẹ̀lú gìtá lọ́wọ́ òsì, wọ́n sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sísàlẹ̀: "Olóògbé Ọlọ́wọ́ Òsì. Ó di gbéré."

Mo gbé sísọ́ọ̀sì mi sílẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín pé ó ti kú?"

"Ìyá Aránṣọ, ẹni tó ta gìtá báyìí láyé ìgbà yẹn, tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ mọ́, níbo ló tún kù tó lè wà?"

"Ó wà nílé mi! Ó ń mu gàrí!"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ká ìwé rẹ̀. Ó ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé lòun máa dá a padà fún àwọn atẹ̀wé tó yà á, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́.

Ẹ rò ó wò. Ojú bàbá mi, lára ògiri ilé káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, láti oṣù kìíní dé ìkejìlá, kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ máa kí wọn pé ó dìgbà o, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Mo sọ fún Bàbá. Wọ́n ní, "Ṣebí kì í ṣe èmi. Kí ló kàn mí níbẹ̀?" Mo wólẹ̀ àdúrà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kò gùn. Mo ní kí Olúwa fún mi ní sùúrù, kí ó sì tètè ṣe é.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Bàbá wá sí ìsọ̀ láti wo aṣọ ìkórè tí mo ń rán fún wọn. Mo mú wọn dúró síwájú dígí ńlá mi, mo kó pínnì sẹ́nu, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí apá aṣọ. Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún láti tún ọrùn aṣọ ṣe. Mo gbójú sókè. Bàbá inú dígí gbé ọwọ́ òsì. Àpá tó wà lókè ojú òsì bàbá mi wà lókè ojú ọ̀tún ẹni inú dígí.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi dígí ṣiṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ni pé kí wọ́n má wo dígí sàmì sí aṣọ, nítorí ọ̀tún á di òsì mọ́ wọn lójú. Èmi ni mo ń kọ́ wọn o! Ọdún méjì ni mo sì fi ń bá àwọn ènìyàn jà láìrántí rẹ̀.

Tòun ti pínnì lẹ́nu, mo já wọ ìsọ̀ onígbàjámọ̀. Akọ̀wé wà lórí àga, ìdajì orí rẹ̀ ni wọ́n tíì gẹ̀, ìwé kàlẹ́ńdà sì wà lórí itan rẹ̀. Mo fi ọwọ́ júwe fọ́ọ̀nù. Mo fi aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn fà á wọ ìsọ̀ mi.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n gẹ̀ wọ́n tán!" ni onígbàjámọ̀ ń kígbe lẹ́yìn wa.

Mo tan fídíò náà, mo kọ ojú fọ́ọ̀nù sí dígí. Mo tu pínnì sọ́wọ́.

"Ẹ má wo fọ́ọ̀nù. Dígí ni kí ẹ wò."

Nínú dígí, ọwọ́ ọ̀tún ni ọkùnrin náà fi ń ta okùn. Nígbà tí kámẹ́rà sún mọ́ ojú rẹ̀, àpá náà wà lókè ojú òsì. Bàbá dúró tì í nínú aṣọ tí mi ò tíì rán tán, àpá tiwọn lókè ojú òsì. Akọ̀wé wo dígí, ó wo Bàbá, ó tún wo dígí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò béèrè ẹ̀rí.

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Àwọn tó ń gbé nǹkan onínǹkan sórí ẹ̀rọ ayélujára máa ń yí àwòrán padà báyìí, kí ẹni tó ni ín má baà rí i mú." Ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀. "Ọdún kan, Màmá. Ọdún kan gbáko." Mo rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Bàbá kò gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó tẹ orí sórí gìtá, tí ahọ́n yọ díẹ̀ ní igun ẹnu.

"Ìyá rẹ máa ń sọ ọ́," ni wọ́n wí. "Ó ní mo máa ń yọ ahọ́n. Mo ní irọ́ ló ń pa." Omi wà lójú wọn. "Abájọ tí ojú náà fi jọ èyí tí mo máa ń rí nígbà tí mo bá ń fá irùngbọ̀n."

Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ìdajì orí. Láti ilẹ̀ ibẹ̀ ló ti ń pe àwọn atẹ̀wé lórí fọ́ọ̀nù: "Ẹ yọ 'olóògbé' kúrò! Mo ní ẹ yọ ọ́! Ó wà láàyè, ó dúró tì mí!"

Kàlẹ́ńdà náà jáde. "Kí ẹ̀mí Bàbá gùn" ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì náà ni gìtá ṣì wà nínú àwòrán. Mo béèrè ìdí rẹ̀, Akọ̀wé ní òsì ti mọ́ ẹgbẹ́ lára. Mi ò jiyàn. Mo kọ́ ọ sára ògiri tó dojú kọ dígí ńlá mi, Bàbá sì máa ń kọ ẹ̀yìn sí i ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n á máa wo ara wọn nínú dígí. Gìtá ti padà sára ògiri yàrá wọn.

Ní Sátidé tó kọjá, Akọ̀wé tún ju ọsàn sí wọn. Bàbá wò mí ní ẹ̀gbẹ́ ojú, wọ́n na ọwọ́ òsì, wọ́n hán an.

"Ẹ rí i!" ni gbogbo wọn pariwo. "Ẹ̀rí! Ẹ̀rí ti dé!"

Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo sì wà á kíkankíkan, kí n má baà gbọ́ èyí tó kù.